Kírẹ́díìtì Tí Àwọn Òbí Yorùbá Ń Sọ Nù Ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Houston, Atlanta, Chicago àti Maryland wí. Wọ́n ń sáré kiri kí ọmọ wọn má baà wọ gbèsè nítorí ẹ̀kọ́ yunifásítì. Wọ́n ń san owó lẹ́sìnnì, wọ́n ń ra ìwé ìdánwò, wọ́n ń gbé ọmọ káàkiri ní ọjọ́ Sátidé, kí ó lè kó kírẹ́díìtì kọ́lẹ́jì jọ kí ó tó jáde ní iléèwé girama. Ohun tí wọ́n ń ṣe dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ilé wọn, tí wọn kò rà, tí wọn kò sì san owó olùkọ́ lé lórí, tí òun náà lè di kírẹ́díìtì. Èyí gan-an ni wọ́n ń sọ fún ọmọ pé kí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Yorùbá ni mo ń sọ.

Kí ẹni tí ó wà nílé lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kírẹ́díìtì jẹ́. Ní kọ́lẹ́jì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba dìgírì àkọ́kọ́ ní láti kó nǹkan bí 120 jọ. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń ní 3. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣe nǹkan bí 15 ní sáà kan, ní sáà méjì lọ́dún, yóò parí ní ọdún mẹ́rin. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá gbé 30 wọlé láti iléèwé girama ti gbé iṣẹ́ odidi ọdún kan dání. Ẹrù owó ẹ̀kọ́ ọdún kan, owó ilé gbígbé ọdún kan àti owó oúnjẹ ọdún kan lè ti ibẹ̀ kúrò lórí òbí, ọmọ náà yóò sì tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oṣù. Fún ìdílé tí ó ń san owó ilé ní Amẹ́ríkà, tí ó sì tún ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sí ìyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á ṣì í mú fún irú ìkánjú tí a mọ̀ nílé. Ní ọdún 2024, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà nígbà náà, sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ tó ọdún 18 kí ó tó wọ yunifásítì, ariwo gba ìlú kan. Dókítà Tunji Alausa tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dá a padà sí ọdún 16. Ohun tí ó fa àríyànjiyàn náà ni pé, lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tètè dé ibi tí ó ń lọ, fífò ni yóò mú kí ó fo kíláàsì. Ọmọ yóò kúrò ní ìwé karùn-ún bọ́ sí iléèwé girama, yóò sì jókòó ṣe WAEC láàárín àwọn tí wọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ti Amẹ́ríkà tí mo ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọn yóò jọ ṣe ayẹyẹ ìjáde, ṣùgbọ́n òun yóò ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ́lẹ́jì sẹ́yìn.

Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ lọ́dọ̀ wa ni Direct Entry. Àwọn tí wọ́n ka HSC kí ètò 6-3-3-4 tó dé rántí pé ọdún mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ wọn lò ní yunifásítì. Lónìí, ẹni tí ó bá yege nínú A-Level, IJMB tàbí JUPEB lè bọ́ sí ipele 200 lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn iléèwé girama ni tiwa máa ń wáyé, odidi ọdún kan ni a sì fi ń gé e. Ti Amẹ́ríkà, ẹyọ-ẹyọ ni ọmọ ń kó o jọ, láti orí ìjókòó rẹ̀ ní girama.

Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù ni Advanced Placement, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AP. Àjọ College Board ti ń ṣe àkóso rẹ̀ láti ọdún 1955. Ọmọ yóò kọ́ iṣẹ́ náà ní iléèwé rẹ̀, yóò sì ṣe ìdánwò ní oṣù Karùn-ún. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 5. Ẹni tí ó bá gba 3 ni College Board kà sí ẹni tí ó kún ojú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́jì mìíràn á ní àfi 4 tàbí 5. Owó ìdánwò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 dọ́là, wọ́n sì máa ń dín in kù fún ọmọ ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré. Ẹni tí ó bá fi ìyẹn wé iye tí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbà ní yunifásítì yóò mọ ìdí tí àwọn òbí fi ń lé e.

Èkejì ni kí ọmọ girama máa gba ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́jì pọ̀ mọ́ ti iléèwé rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dual enrollment. Ìpínlẹ̀ Minnesota ti ṣe òfin rẹ̀ láti ọdún 1985, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e. Ní Florida, ọmọ iléèwé ìjọba tí ó bá wà nínú ètò yìí kì í san owó ẹ̀kọ́ fún kọ́lẹ́jì. Àwọn iléèwé kan tilẹ̀ wà tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí èyí nìkan. Bard High School Early College, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọdún 2001, ń fún ọmọ ní àǹfààní láti jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí girama àti dìgírì ọlọ́dún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ìdajì iṣẹ́ yunifásítì ti parí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni CLEP, tí College Board kan náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Èyí kò ní kíláàsì tí ó pọn dandan. Ẹni tí ó bá ti mọ iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ pé òun nìkan ni ó kà á nínú yàrá rẹ̀, yóò lọ jókòó ṣe ìdánwò. Àádọ́ta nínú 80 ni wọ́n dábàá pé kí kọ́lẹ́jì kà sí àṣeyege. Bákan náà, ètò IB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1968, wà ní àwọn iléèwé kan, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì sì ń fún ẹni tí ó bá ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ ìpele gíga rẹ̀ ní kírẹ́díìtì.

Ṣùgbọ́n kí òbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó, ó yẹ kí ó mọ ibi tí ìdẹkùn wà. Kì í ṣe ẹni tí ó ṣètò ìdánwò ni ó ń fúnni ní kírẹ́díìtì. Kọ́lẹ́jì tí ọmọ bá wọ̀ ni. Ọmọ lè gba 5 nínú iṣẹ́ mẹ́fà, kí kọ́lẹ́jì tí ó wù ú má sì ka ẹyọ kan níbẹ̀. Dartmouth, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn yunifásítì tí ọ̀pọ̀ òbí wa ń fi ọmọ wọn yangàn, ti dẹ́kun fífi AP ṣe kírẹ́díìtì fún àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2014. Ti dual enrollment náà ní tirẹ̀: máàkì tí ọmọ bá gbà níbẹ̀ jẹ́ máàkì kọ́lẹ́jì tòótọ́, inú ìwé rẹ̀ ni yóò máa wà. Ọmọ ọdún 16 tí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú kọ́ọ̀sì kan lónìí lè rí i pé ó jáde lójú àwọn tí yóò gbà á sí iléèwé ìṣègùn lọ́la. Lẹ́yìn náà, kírẹ́díìtì yàtọ̀ sí kírẹ́díìtì. Kọ́lẹ́jì lè gbà á wọlé, kí ó sì kà á sí àfikún lásán tí kò dín ọjọ́ kankan kù nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tàbí ti nọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ ṣe. Ìbéèrè tí ó tọ́ kí òbí bi kọ́lẹ́jì kò mọ sí pé, “Ṣé ẹ ń gbà á?” Kí ó bi wọ́n pé, “Kọ́ọ̀sì wo ni ó dípò?”

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ èdè. AP ní ìdánwò èdè Sípáníìṣì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Ṣáínà, Jàpáànù àti Látìnì. CLEP ní ti Sípáníìṣì, Faransé àti Jámánì. Kò sí èdè ilẹ̀ adúláwọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí òbí Yorùbá bá ti wo ìwé yẹn, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé èdè òun kò wúlò ní ibi tí wọ́n ti ń ka kírẹ́díìtì. Yóò fi ọmọ sí kíláàsì Sípáníìṣì, yóò sì gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà tí ó wá láti Ìbàdàn wá tọ́jú ìkókó wà nínú palọ̀, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìrònú òbí yẹn kò tọ̀nà, nítorí ilẹ̀kùn méjì wà. Àkọ́kọ́ ni Seal of Biliteracy, èdìdì tí wọ́n ń fi sí ìwé ẹ̀rí ọmọ girama tí ó bá fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè mìíràn, pé òun lè kà á, òun sì lè kọ ọ́. California ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2011, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Kì í ṣe èdè tí wọ́n ń kọ́ ní iléèwé nìkan ni ó wà fún. Èdè tí ọmọ gbọ́ láti ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìkejì ni ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ ti ACTFL, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa ni yóò bá ọmọ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 30, tí wọn yóò sì fi ohun tí ó sọ díwọ̀n ibi tí ó dé. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń ṣe é fún. Àjọ American Council on Education sì ń dábàá fún àwọn kọ́lẹ́jì iye kírẹ́díìtì tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò ACTFL.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àbá. Òfin Illinois ní kí àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́jì ìjọba ní ìlànà tí wọn yóò fi sọ èdìdì náà di kírẹ́díìtì, ọmọ sì ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá jáde ní girama láti béèrè fún un. Ní Minnesota pẹ̀lú, àwọn kọ́lẹ́jì tí ó wà lábẹ́ ètò Minnesota State ń fi irú èdìdì bẹ́ẹ̀ fúnni ní kírẹ́díìtì. Chicago wà ní Illinois, àwọn Yorùbá ibẹ̀ kò sì kéré. Mélòó nínú àwọn òbí tí wọ́n ń pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú lóṣooṣù níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ nípa òfin yìí rí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kírẹ́díìtì mélòó ni ó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé kò lè tó ọdún kan. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé kọ́lẹ́jì mìíràn kì í fún ọmọ ní kírẹ́díìtì lórí èdè tí ó gbọ́ láti ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì ni ó ń sọ ọ́ di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún sáà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ tí ó bá fi hàn pé òun mọ Yorùbá dé ojú òṣùwọ̀n lè gba ìtúsílẹ̀ kúrò nínú èyí, kódà níbi tí wọn kò ti fún un ní kírẹ́díìtì. Àyè tí ì bá fi kọ́ èdè tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò fi ṣe iṣẹ́ tí ó bá a wá sí iléèwé. Ẹni tí ó mọ iye tí sáà mẹ́rin ń gbà kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ń sọ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò dàrú. Ẹ wo àwọn aládùúgbò yín tí wọ́n wá láti Mẹ́síkò, Ṣáínà àti Íńdíà. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ nílé, àwọn ọmọ wọn sì ń bá tiwa du ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì kan náà. Ọmọ tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà kò ní ṣàì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iléèwé, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti ọ̀rẹ́ yóò kọ́ ọ. Yorùbá ni kò ní olùkọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀yin òbí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé “Ẹ káàárọ̀ mà” àti “Mo fẹ́ jẹun” ni wọ́n ń fún ní kírẹ́díìtì. Olùdánwò yóò ní kí ọmọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó ṣàpèjúwe ibi tí ó mọ̀, kí ó sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan kí ó sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti èdìdì, yóò kà, yóò sì kọ pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa yóò ti kọsẹ̀ nìyí, nítorí ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè máa wo ìwé Yorùbá bí ẹni tí ó ń wo èdè àjèjì. Ẹni tí kò mọ àmì ohùn kò lè mọ èyí tí í ṣe igba, igbá àti ìgbà nínú ohun tí ó ń kà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè rọ́ sí ọmọ lágbárí ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣáájú ìdánwò.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún wa láti ṣe. Ìyá àgbà tí ó wà lórí fóònù láti ilé lè ṣe ju kíkí lọ. Ẹ ní kí ó pa ìtàn, kí ọmọ sì tún un sọ fún un. Ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé ìdí tí ó fi bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó má sì fi Gẹ̀ẹ́sì bọ́ ọ. Àwọn ìjọ, àwọn mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ra aṣọ ẹbí lè yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì Yorùbá ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ lórí owó ìdánwò. Bí òbí kan bá lọ bá iléèwé pé òun fẹ́ kí wọ́n dán ọmọ òun wò nínú Yorùbá, wọ́n lè ní kí ó lọ máa bọ̀. Bí ogún òbí bá kọ ìwé kan náà sí àjọ tí ń ṣàkóso àwọn iléèwé àdúgbò, yóò ṣòro fún wọn láti ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kàn ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ilé báyìí pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 13 tí ó ti Abẹ́òkúta dé Maryland, tí ó ti kọ́ Yorùbá títí dé girama, ni ó sún mọ́ kírẹ́díìtì yìí jù lọ nínú gbogbo ọmọ wa. Òun náà ni wọ́n máa ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé, tí òbí rẹ̀ yóò sì máa kìlọ̀ fún un pé kí ó tètè gbàgbé ìsọ̀rọ̀ ilé. Láàárín ọdún mẹ́ta, ohun tí ó mọ̀ yóò ti fò lọ. Ẹ kó ìwé Yorùbá rẹ̀ sínú àpótí nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa kà á.

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ẹ lọ bá olùgbani-nímọ̀ràn ní iléèwé ọmọ yín. Ẹ béèrè AP tí wọ́n ní, ẹ béèrè kọ́lẹ́jì tí wọ́n ń bá ṣe pọ̀, ẹ sì béèrè ìdánwò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní èdìdì èdè méjì àti bóyá Yorùbá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ béèrè ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe kí ó lè wà. Kí ẹ tó padà délé, ẹ ti pinnu èdè tí ẹ ó fi kí ọmọ náà nígbà tí ó bá ṣílẹ̀kùn fún yín.